Ojú Kan Tẹ̀lé Ojú Kan

Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀dó sí etí òkun Ìlàjẹ ní ọdún 1947, ọ̀sán ni àkókò tí mo fẹ́ràn jù. Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, wọ́n ti kó ẹja kúrò, òòrùn sì mú ju kí èèyàn máa sáré kiri lọ. Àsìkò àtúnṣe àwọ̀n nìyẹn.

Mo jókòó ti bàbá kan lórí afárá pákó. Ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ́ àwọ̀n rẹ̀ kí ó lè le, ó tẹ́ ìyókù sórí itan. Mo rò pé abẹ́rẹ́ ni yóò kọ́kọ́ mú, àṣé ọ̀bẹ ni. Ó gé gbogbo okùn tó ti já dànù, ihò náà sì fẹ̀ sí i.

"Bàbá, ẹ tún ń ya á ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ibi tí ẹsẹ̀ mẹ́ta bá kù la ti ń bẹ̀rẹ̀." Ó fi ìka kàn án: kókó kan tí okùn mẹ́ta ṣì rọ̀ mọ́, tí ìkẹrin ti lọ.

Abẹ́rẹ́ àwọ̀n kò jọ ti télọ̀. Ó pẹlẹbẹ, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, inú rẹ̀ ni wọ́n ń ká okùn sí. Bàbá ti abẹ́rẹ́ gba ojú àwọ̀n láti ìsàlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò òsì tẹ okùn mọ́lẹ̀, ó yí i gba ẹ̀yìn, ó fà á. Kókó kan dì. Ìka rẹ̀ ló fi ń wọn ojú tó kàn, nítorí bí ọ̀kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, ibẹ̀ ni ẹja yóò gbà. Bó bá sì há, àwọ̀n á kákò. Òkun tó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ìlú náà mì ń hó níwájú wa, Bàbá kò gbójú sókè.

Mo rántí àwọn ìyá aládìrẹ Abẹ́òkúta, tí ń fi ìko rán aṣọ funfun pinpin kí aró má baà ráyè wọlé. Bí aṣọ bá ti mu aró tó, tó sì gbẹ, wọ́n á tú gbogbo ohun tí wọ́n rán. Ipa abẹ́rẹ́ nìkan ló ń kù, ní funfun. Okùn ti Bàbá kò ní kúrò ní tirẹ̀. Yóò máa tàn láàárín okùn àtijọ́ tí iyọ̀ ti pa láwọ̀ dà, mo sì fẹ́ràn àmì yẹn gidigidi: ibẹ̀ ni ọwọ́ ẹnì kan ti kọjá.

Nígbà tó ku ojú méjì, ó gbé abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́. Kókó mi àkọ́kọ́ yọ̀. Kò sọ̀rọ̀, ó tú u, ó dá abẹ́rẹ́ padà fún mi. Èyí tó tẹ̀lé e dì.