Ta Ló Bi Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn?

Nígbà tí bàbá mi ṣì jẹ́ àpọ́n, Honda 175 ló ń gùn, èyí tó ní sàlẹ̀ǹsà méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Fọ́tò rẹ̀ ṣì wà lára ògiri pálọ̀ wa: ṣòkòtò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí agboòrùn, jígí dúdú lójú, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí mi, ó tà á, ó ra Suzuki 100, alùpùpù kékeré tó ń rú èéfín bí ẹni ń sun ẹran. Tí ẹ bá bi í pé kí ló dé, á ní, "Ojú mi ló là." Ọ̀rọ̀ yìí náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ẹni tó ti pẹ́ lórí alùpùpù. Ọmọdé ń fẹ́ eré, àgbà ń fẹ́ ìrọ̀rùn. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ni agbára ẹ́ńjìnnì ń wálẹ̀.

Èmi náà gba ìtàn yẹn gbọ́ tipẹ́tipẹ́. Ìwé ló bà á jẹ́ fún mi.

Ẹ wo T. E. Lawrence, ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn torí pé ó bá àwọn Lárúbáwá gbógun ti ìjọba Tọ́kì. Brough Superior ni tiẹ̀. Ó ra ọ̀kan, ó ra òmíràn, títí ó fi gun méje. Wọ́n ṣì ń ṣe ẹ̀kẹjọ lọ́wọ́ fún un nígbà tí ìjàm̀bá orí ìkeje pa á ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935. Boanerges ló ń pè é, orúkọ tí Jésù fún Jákọ́bù àti Jòhánù nínú Bíbélì, àwọn ọmọ ààrá. Nínú ìwé rẹ̀, The Mint, ó kọ bó ṣe bá ọkọ̀ òfuurufú sá eré ìje, tòun ti alùpùpù lójú títì. Ẹni ọdún 46 ni nígbà tó kú, kò sì sí ẹ̀rí pé ìrọ̀rùn kankan ló ń wá.

Hunter S. Thompson, ará Amẹ́ríkà, ńkọ́? Nígbà tó ń bá ẹgbẹ́ Hell's Angels rìn, fún ìwé tó gbé jáde ní 1967, BSA 650 Lightning ló lọ rà. Harley làwọn yẹn ń gùn o, wọn ò sì fojú ire wo ohun tí kì í bá ṣe Harley. Ní 1995 ó kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn Cycle World, "Song of the Sausage Creature", lórí Ducati 900 kan tí wọ́n fún un gùn. Ẹni ọdún 57 ni, ojú ò tíì là! Ẹ̀rù ń bà á, ó sì ń gbádùn ẹ̀rù náà. Gbólóhùn rẹ̀ gan-an ń sáré, kò dúró mí. Èmi fẹ́ràn àròkọ yẹn ju ìwé 1967 lọ. Nínú ìwé yẹn, àwọn ẹlòmíì ló ń wò. Níbí, ara rẹ̀ ló ń wò, ó sì ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ orí sílẹ̀ ná. Ohun tí ẹni tó ń gun alùpùpù ń fẹ́ kó bá òun ṣe ló ń yí padà, tàbí tó kọ̀ tí kò yí. Lawrence ń fẹ́ kí eré pa ariwo inú orí òun lẹ́nu mọ́. Thompson ń fẹ́ mọ̀ bóyá òun ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: nínú The Mint àti nínú àròkọ Ducati yẹn, ẹnìkan ṣoṣo ló wà lórí ìjókòó.

Ibẹ̀ ni Robert Pirsig ti yàtọ̀ sí wọn, ibẹ̀ náà lèmi àti ẹ̀ ti ní wàhálà.

Ní oṣù Keje ọdún 1968, ó gbé Chris, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 11, sẹ́yìn Honda CB77 rẹ̀, wọ́n gba Minnesota dé California. Ìwé tó ti inú ìrìn-àjò náà jáde ni Zen and the Art of Motorcycle Maintenance. Akéde-ìwé 121 ló kọ̀ ọ́ kó tó jáde ní 1974. Bó ṣe mọ alùpùpù ọ̀hún tó, kò jọ bí èèyàn ṣe ń mọ nǹkan ìní. Ó ń gbọ́ ọ, bí ìyá ṣe ń gbọ́ èémí ọmọ tó ń sùn. Kò tà á, kò pààrọ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló wà títí ó fi kú ní 2017. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington ló wà báyìí.

Ẹni tó bá ń kọ kóòdù jẹun kò lè ka ìwé yìí kó má rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìwé ìlò kọ̀ǹpútà ni Pirsig ń kọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ nígbà náà, ó dẹ̀ hàn. Bó ṣe ní kéèyàn wá àìsàn ẹ́ńjìnnì, kó kọ ohun tó fura sí sílẹ̀, kó dán an wò, kó kọ ohun tó rí, kó má parọ́ fún ara ẹ̀, bí a ṣe ń wá kòkòrò inú kóòdù gan-an nìyẹn. Yunifásítì ni mo ti kọ́kọ́ kà á, mo sì ń gbé e kiri bí ìwé àdúrà.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nígbà náà ni ti agolo bíà. John, ọ̀rẹ́ wọn tó ń bá wọn lọ, BMW ló ń gùn. Ọwọ́ alùpùpù rẹ̀ ń yọ̀, kò dúró sójú kan. Pirsig ní kò le, òun á gé péńpé agolo bíà, òun á fi há a, ó parí. John yarí. BMW tí òun ra 1,800 dọ́là, ẹ fẹ́ fi agolo bíà tún un ṣe? Mo rẹ́rìn-ín John tẹ̀gàntẹ̀gàn. Ní ọmọ ọdún 21, mo gbà pé ẹni tí kò bá lè tú nǹkan palẹ̀ kò yẹ kó ní in.

Ọdún méjìlá lẹ́nu iṣẹ́ ti sọ èmi náà di John. Kì í ṣe àsọdùn. Tẹ́lẹ̀, bí irin-iṣẹ́ tuntun bá ti jáde lálẹ́ oní, á ti wà lórí kọ̀ǹpútà mi kílẹ̀ tó mọ́. Báyìí, èyí tó ti dàgbà, tí kò ní jí mi lóru, ni mo ń wá. Nígbà tí mo tún ìwé náà kà lọ́dún tó kọjá, mo rí i pé Pirsig fi ìyà jẹ John díẹ̀. John sanwó pé kí ọkàn òun balẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà ńbẹ̀?

Àmọ́ John kọ́ ni mo fẹ́ gbèjà. Ẹni tí mi ò rí rárá nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ni Chris.

Inú ń run ọmọ yẹn. Ó ń sunkún, ó ń bínú, ó ń béèrè ìbéèrè tí bàbá rẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn dáhùn. Bàbá ń gbọ́ nígbà tí tápẹ́ẹ̀tì bá ń pariwo; ti ọmọ ẹ̀yìn, etí rẹ̀ kì í tètè gbé e. Nígbà tí ìwé ń parí lọ la wá mọ ohun kan tó yẹ kó ti hàn láti ojú ìwé kìn-ín-ní: ọmọ náà ò rí nǹkan kan. Láti Minnesota, ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ló ń wò. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n bọ́ akoto, Chris dìde dúró lórí ibi tó ń gbẹ́sẹ̀ lé, ó di èjìká bàbá rẹ̀ mú, ó wá rí ọ̀nà.

Gbogbo èèyàn ló ń yin ìparí yìí. Ó dùn lóòótọ́, omi bọ́ lójú èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọkùnrin tó lè fi agolo bíà tún BMW ẹlẹ́ni ṣe kò ronú kan ìjókòó ọmọ tirẹ̀. Ọmọ ló tún un ṣe fúnra ẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara ẹ̀, lórí ìrìn, láìsí akoto. Mo gbà pé Pirsig tó kọ ìwé mọ èyí, bí Pirsig tó ń gun Honda kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n; ìyẹn ló jẹ́ kí ìwé náà dára ju ohun tó fi ń kọ́ni lọ. Wọ́n pa Chris ní San Francisco ní 1979, kó tó pé ọmọ ọdún 23. Bàbá rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà kún ẹ̀yìn ìwé ní 1984. Lẹ́yìn tí mo ka ibẹ̀ tán, mi ò lè ka ibi tápẹ́ẹ̀tì bí mo ṣe ń kà á mọ́.

Èmi náà mọ ìjókòó yẹn. Orí táńkì Suzuki ni mo kọ́kọ́ ń jókòó, ọwọ́ bàbá mi lọ́tùn-ún àti lósì mi, gbogbo títì jẹ́ tèmi. Nígbà tí wọ́n bí àbúrò mi, ó gba orí táńkì, mo bọ́ sẹ́yìn, wọ́n há mi sí àárín bàbá àti ìyá mi. Látìgbà náà, ẹ̀wù ni mo ń wò dé iléèwé.

Nígbà ọdún Àjíǹde tó kọjá, mo ń sọ ti Lawrence àti Thompson fún bàbá mi, mo wá bi í pé ṣé ojú ẹ̀ là lóòótọ́ ni, àbí kí ló mú un ta Honda. Ó ti la ẹnu kó tó di pé ìyá mi já a gbà.

"Ojú wo ló là? Bàbá Dáre, ìyá yín ni mo lọ bá. Mo ní ibi yòówù kí n kọ ẹsẹ̀ sí lórí nǹkan yẹn, sàlẹ̀ǹsà ń jó mi, pé òun ò sì lè jókòó bí ọkùnrin pẹ̀lú ìró. Àwọn ni wọ́n pè yín."

Bàbá mi ní ìyá òun ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí ìyá òun sọ ni pé alùpùpù ẹlẹ́nu méjì ò yẹ ẹni tó ti bímọ.

Ìyá mi ká ìró sókè díẹ̀. Àpá kan wà ní ojúgun rẹ̀, kò ju awẹ́ obì lọ, ó ń dán.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. "Èyí? Mo rò pé omi gbígbóná ni."