Àwòrán Màmí Wọ́tà: Ìdíyelé àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ní etí odò Wouri ní ìlú Douala ni àwọn Sawa ti ń ṣe àjọ̀dún Ngondo lọ́dọọdún, tí wọ́n ń bá àwọn ẹ̀mí inú omi sọ̀rọ̀. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àṣà aráyé ní 2024. Jengu ni wọ́n ń pe ẹyọ kan nínú àwọn ẹ̀mí náà, miengu ni wọ́n ń pe ọ̀pọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò sì jìnnà sí ti Olókun àti Yemọja lọ́dọ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wá ń da jengu pọ̀ mọ́ Màmí Wọ́tà, obìnrin onírun gígùn tí ejò wé mọ́, tí àwòrán rẹ̀ títẹ̀ ti tàn ká gbogbo etíkun.

Ilé-iṣẹ́ Adolph Friedlaender ní Hamburg, ní Jámánì, ni ó tẹ àwòrán yìí ní nǹkan bí 1885 sí 1887. Obìnrin tí ń fi ejò ṣeré fún èrò ìwòran ni wọ́n yà síbẹ̀. Kò sí omi nínú rẹ̀, kò sì sí ìrù ẹja. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ kò hàn, àyè wà fún ojú inú láti fi ìrù sí i. Nígbà tí yóò fi di 1901, J. A. Green ti ya fọ́tò ère orí eégún omi kan ní Bonny, tí wọ́n gbẹ́ ní àwòkọ obìnrin náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ti òyìnbó lásán ni kò wò ó dáadáa. Inú ohun tí Hamburg fi sílẹ̀ láìyà ni àwọn ará etíkun ti rí èyí tí ó jẹ́ tiwọn.

Ibi tí ìdíyelé ti ṣòro nìyí. Ní 1955, ilé-iṣẹ́ Shree Ram Calendar ní Bombay tún un tẹ̀ fún àwọn oníṣòwò Kumasi, ẹ̀dà 12,000. Nítorí náà, bí àwòrán bá ti pọ́n, tí olówó rẹ̀ sì ní ti baba-ńlá òun ni, ìyẹn kò tó ẹ̀rí. Kí a fi awò wò ó: ìtẹ̀ olókúta àtijọ́ a máa ní hóró tí kò tò dọ́gba, ti ẹ̀rọ òde òní a sì máa fi àmì tóótòòtó tí ó tò dáadáa hàn. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ojú ayédèrú wo ti Bombay, nítorí ó lè jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n bọ fún ogójì ọdún lójúbọ.

Bí àtíkè tàbí òróró ìbọ bá ta sí i, kí a má ṣe nù ún. Ó jẹ́ apá kan ìtàn rẹ̀. Ọ̀tá rẹ̀ ni òòrùn àti ọ̀rinrin, pàápàá ní Douala tí òjò ọdún kan ju mílímítà 3,500 lọ. Kí olùkọ́ tí ó ní irú rẹ̀ má gbé e kọ́ ògiri tí òjò ń bá, kí ó má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, kí dígí má sì fara kàn án. Bí kíláàsì bá ń fẹ́ ẹ lójoojúmọ́, ẹ̀dà ni kí ó gbé kọ́; kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín àti ilé tí ó ti wá sórí ìwé ọ̀tọ̀, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ojúlówó nínú àpótí tí ikán kò lè dé.