Ayé àti Ọ̀run nínú Bíbélì Wa: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Méjì

Nínú gbogbo ogún tí àwọn baba Ìjọ fi sílẹ̀ fún wa ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kò sí èyí tí a ń lò lójoojúmọ́, tí a sì ń yẹ̀ wò ṣọ̀wọ́n, bí àwọn ọ̀rọ̀ inú Bíbélì wa. A ń kà á, a ń kọ́ ọ sórí, a sì ń fi í wàásù. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni nínú wa tí ń dúró béèrè pé, èéṣe tí ó fi jẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ni a yàn tí a kò yan òmíràn? Ọ̀rọ̀ méjì ni a ó yẹ̀ wò níhìn-ín, àní ayé àti ọ̀run. Nítorí àwọn ni wọ́n gbé ìbéèrè tí ó tóbi jù lọ dání: kí ni gbogbo ohun tí a dá yìí, àti níbo ni ipò ènìyàn wà nínú rẹ̀?

Ní ọdún 1846 ni Samuel Àjàyí Crowther àti Henry Townsend dé Abẹ́òkúta. Ìlú náà kò tí ì pé ogún ọdún nígbà náà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ ẹ́ dó lábẹ́ Olúmọ, lẹ́yìn tí ogun ti tú àwọn ìlú wọn àtijọ́ ká. Ṣódẹkẹ́ tí ó ṣáájú wọn sì ti kú ní ọdún 1845. Crowther fúnra rẹ̀, ọmọ Òṣogùn, ni a kó lẹ́rú ní ọdún 1821; ní Abẹ́òkúta ni ó sì tún ti rí ìyá rẹ̀. Láàrin irú àwọn ènìyàn tí a ti fà tu bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìtumọ̀ ti gbèrú, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Thomas King, títí odidi Bíbélì fi parí ní ọdún 1884. Nítorí náà, ìbéèrè ipò ènìyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ àwọn tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ wo ayé. Bí àgbà Ẹ̀gbá bá wí pé láyé Ṣódẹkẹ́, ìgbà ni ó ń sọ. Bí ìyá bá gbàdúrà pé kí ayé má rí ọmọ òun, àwọn ènìyàn búburú ni ó ń bẹ̀rù. Bí a bá wí pé ẹnìkan ń jẹ ayé, ìgbádùn ni. Fún erùpẹ̀ tí a ń tẹ̀, a ní ọ̀rọ̀ mìíràn, èyíinì ni ilẹ̀, tí àwọn Ògbóni ń bọ, tí a sì ń bá ara wa mu. Olùtúmọ̀ ìbá ti fi ilẹ̀ sí ẹsẹ̀ kìíní Jẹ́nẹ́sísì. Ayé ni ó fi sí i. Ní ojú tiwa, ó ṣe rere. Olùgbọ́ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan pé ìgbà, ènìyàn àti ìwàláàyè jẹ́ ti Ẹlẹ́dàá. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ pàápàá kò bọ́: ní ọjọ́ kẹta ó farahàn, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dá tí a sọ lórúkọ, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí òrìṣà.

Ọ̀run ni ó ṣòro jù. Kí Ìhìnrere tó dé, ọ̀rọ̀ yìí ti ní onílé. Ará ọ̀run ni a ń pe Egúngún. Láti ọ̀run ni a gbà pé baba àgbà ń padà wá, tí a fi ń sọ ọmọ ní Babátúndé. Síbẹ̀ olùtúmọ̀ kò lè yẹra fún un, nítorí inú rẹ̀ ni orúkọ Ọlọ́run, Ẹni tí ó ni ọ̀run, ti jáde wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni ó tún fi pe òfurufú tí ó wà lókè orí wa. Ẹrù mẹ́ta ni a dì lé orí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan: ibùgbé Ọlọ́run, ibi tí òkú ń lọ, àti ibi tí ìràwọ̀ wà.

Ìpalára rẹ̀ kò fara sin. Ọmọ wa kọ́ ní ilé-ìwé pé oòrùn jìnnà sí wa tó 150 mílíọ̀nù kìlómítà, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti díẹ̀ kí ó tó kàn wá. Àti pé ìràwọ̀ inú agbo tí oòrùn tiwa wà nìkan ju ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù lọ. Ó gbọ́ pé Gagarin gòkè ní ọdún 1961, pé ènìyàn tẹ ojú òṣùpá ní ọdún 1969, àti pé a fi NigeriaSat-1 ti orílẹ̀-èdè wa ránṣẹ́ sókè ní ọdún 2003. Bí a bá wá wí fún un ní Ọjọ́ Ìsinmi pé Jésù gòkè lọ sí ọ̀run, tí a sì ń nàka sí àjà ilé, kí ni kì yóò fi béèrè pé, èéṣe tí àwọn wọ̀nyí kò fi bá A pàdé lọ́nà? Kò tọ́ kí a na irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwa ni a kò kọ́ ọ dáradára.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi náà ru olùtúmọ̀. Hébérù ní shamayim, Gíríìkì ní ouranos, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún méjèèjì. Himmel kan náà sì ni àwọn ará Jámánì ní títí di òní. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé èdè tiwa ti ní oògùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí a ń rí lókè, ojú ọ̀run ni àwọn baba wa ń pè é. Ẹni tí ó rí ojú ilé kò tí ì rí inú ilé. Awò tí àwọn amòye fi ń wo ìràwọ̀, ojú ọ̀run ni ó ń wò, bí ó ti wù kí ó jìnnà tó.

Ó kù kí a sọ̀rọ̀ lórí òwe tí a ń gbọ́ lórí pẹpẹ bí ẹni pé Ìwé Mímọ́ ni: ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ó dára fún ìsìnkú, ó sì ń tu ọ̀fọ̀ nínú. Ṣùgbọ́n bí a ti ń lò ó, ó ń sọ ayé di yẹpẹrẹ, bí ẹni pé ohun tí a bá ṣe níhìn-ín kò já mọ́ nǹkan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aládìírẹ ní Ìtòkú bóyá ọjà jẹ́ ohun yẹpẹrẹ! Ní ọjà ni a ń mọ olódodo, ibẹ̀ ni a ń jẹ gbèsè, ibẹ̀ náà ni a sì ń san án. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, òwe náà parí síbi tí ọjà tú. Ìwé Ìfihàn, ní orí 21, kò parí síbẹ̀. Ọ̀run titun àti ayé titun ni ó ṣe ìlérí rẹ̀, níbi tí Ọlọ́run yóò ti wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn. Ilé ni ó ń sọ̀kalẹ̀ wá bá ọjà.

Nígbà náà, ipò wo ni ènìyàn wà? Ìbéèrè Orin Dáfídì kẹjọ nìyí, ojú lásán ni a sì fi wo ìràwọ̀ kí a tó béèrè rẹ̀. Bí ìràwọ̀ bá di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, ìbéèrè náà kò yí padà, nítorí ìtóbi kọ́ ni ó ń fún ni ní ipò. Ọmọ ọwọ́ ni ó kéré jù nínú agbo ilé. Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe baba àti ìyá rẹ̀. Èyí ni ayé àti ọ̀run inú Bíbélì wa ń sọ: wọn kì í ṣe òṣùwọ̀n bí ohun ti jìnnà tó; ẹni tí ó ni wá, àti àwọn tí a ń bá gbé, ni wọ́n ń fi hàn.

Nítorí náà a gba ẹ̀yin olùkọ́ àti oníwàásù níyànjú pé, bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ìràwọ̀, kí ẹ wí pé òfurufú, tàbí ojú ọ̀run. Kí ẹ sì pa ọ̀run mọ́ fún ibùgbé Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó lè gba ìgbàgbọ́ ọmọ kan là.