Akin Tó Mọ Ìjà Tí Kò Mọ Ìsá: Àyẹ̀wò Ìmúra Ìrìn Àjò Òkè Láńgbòdó

Bí olùkọ́ bá bi wá ní kíláàsì pé ẹ̀kọ́ wo ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ kọ́ wa, a ti mọ ìdáhùn: ìgboyà, ìforítì àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀. A ó kọ ọ́ sílẹ̀, olùkọ́ yóò sì fún wa ní máàkì. N kò sọ pé irọ́ ni ìdáhùn yìí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ìwé náà: báwo ni àwọn ọdẹ náà ṣe múra ìrìn àjò wọn? Èrò tèmi ni pé wọ́n mọ bí a ti ń yan ènìyàn, ṣùgbọ́n wọn kò mọ bí a ti ń ṣe àdéhùn ìpadà. Bí a bá ń yìn wọ́n fún èkíní láìsọ èkejì, ìdajì ẹ̀kọ́ ni à ń kọ́.

D. O. Fágúnwà ló kọ ìwé náà. Òkè-Igbó ni a ti bí i ní ọdún 1903, ìlú tí kò jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀ wa níbí. Ìwé náà jáde ní ọdún 1938. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968. Wálé Ògúnyẹmí náà fi ìrìn àjò Láńgbòdó ṣe eré orí ìtàgé tí Nàìjíríà fi hàn ní àjọ̀dún FESTAC ní ọdún 1977. Ẹ ó rí i pé nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà, ìrìn àjò yìí ni Ògúnyẹmí mú jáde. Òun ni ọkàn ìtàn náà, òun náà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ṣe dáadáa. Ìgbà méjì ni Àkàrà-ògùn ti wọ Igbó Irúnmalẹ̀ ṣáájú, òun nìkan ló sì lọ. Ojú rẹ̀ rí tó níbẹ̀. Nígbà tí ọba wá rán an sí Òkè Láńgbòdó, kò dá lọ mọ́. Agogo dún ní ìlú, àwọn akọni sì péjọ. Ẹ wo bí Fágúnwà ti to àwọn tí òkìkí wọn kàn jù nínú wọn: Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn ní agbára, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, ohùn Olóhùn-iyọ̀ dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ gbọ́ èdè ẹyẹ àti ẹranko, Ẹ̀fọ́ìyẹ́ mọ ọfà ta, Àràmàǹdà-ọkùnrin sì lè sọ ibi gbígbóná di tútù. Bí a bá fi Àkàrà-ògùn kún un, wọ́n di méje. Kò sí ẹni tí ẹ̀bùn rẹ̀ jọ ti ẹnì kejì. Èyí yàtọ̀ sí kíkó alágbára méje jọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ kò dọ́gba, ohun tó sì mú kí ọwọ́ wúlò nìyẹn.

Kí ló wá kù? Kò sí afinimọ̀nà láàárín wọn. Mo tún ka ibi tí wọ́n ti ń múra, mo wá àdéhùn kan tí ó sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá dé báyìí, a ó padà sílé. N kò rí i. Wọ́n kó ohun ìjà, wọ́n kó oògùn, wọ́n dágbére fún ará ìlú. Ẹ̀bùn méje ló wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a fún ní iṣẹ́ pé kí ó sọ pé “Ó tó, ẹ jẹ́ ká yí padà.”

Bóyá ẹnì kan yóò sọ pé akọni kì í ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Àwọn kan wà láyé òde òní tí ìrìn àjò wọn jọ ti àwọn ọdẹ wọ̀nyí gan-an. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ní orílẹ̀-èdè bíi Switzerland, Austria àti Faransé, àwọn ènìyàn máa ń gun òkè tí yìnyín bò, wọ́n á sì fi pákó méjì gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a so mọ́ bàtà yọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Síkì ni orúkọ eré náà. Àwọn ọ̀gá inú wọn máa ń lọ sí ibi tí kò sí ọ̀nà, láìní afinimọ̀nà. Ewu ibẹ̀ ni pé yìnyín tó wà lára òkè lè ya lójijì, kí ó sì bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ tó pa ènìyàn, ẹni tó kú náà, tàbí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kí yìnyín náà ya.

Ẹ wo bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe nínú wọn ti ń múra. Ní alẹ́ tó ṣáájú, wọ́n á ka ìkéde ewu ti àgbègbè náà, èyí tí a fi òǹkà 1 sí 5 wọ̀n. Wọ́n á wo àwòrán ilẹ̀ láti mọ ibi tí òkè ti dà gẹ̀rẹ́ ju ìwọ̀n 30 dígírì lọ, nítorí ibẹ̀ ni yìnyín ti sábà ń ya. Bó bá jẹ́ ìgbà ìrúwé, òtútù òru a máa mú kí yìnyín le, oòrùn ọ̀sán a sì máa mú kí ó rọ̀, kí ó má lè dúró mọ́. Nítorí náà, wọ́n á kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á sì dá aago tí wọn yóò yí padà, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti dé orí òkè tàbí wọn kò tí ì dé e. Olúkúlùkù wọn á mú ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wá ẹni tí yìnyín bò, ọ̀pá gígùn tí a fi ń tọ inú yìnyín, àti ṣọ́bìrì, nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ni a fi lè yọ ẹni náà láàyè. Bí wọ́n bá dé ibi eléwu, ẹnì kan ni yóò kọjá lẹ́ẹ̀kan, àwọn yòókù yóò máa wò ó. Bí ẹni tó kéré jù nínú wọn bá sì sọ pé ọkàn òun kò balẹ̀, ó tó ìdí láti padà.

Síbẹ̀, àwọn ọ̀gá náà ń kú. Ará Amẹ́ríkà kan, Ian McCammon, ṣe ìwádìí ìjàǹbá wọ̀nyí, ó sì fi hàn pé ìmọ̀ nìkan kò tó láti dáàbò bo ènìyàn. Lára ohun tó ń tan àwọn tó mọ̀ jẹ ni pé wọ́n ti mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé wọ́n ti pinnu ibi tí wọ́n ń lọ tí wọn kò sì fẹ́ yí ìpinnu padà, àti pé ọ̀gá kan wà láàárín wọn tí gbogbo ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ fi èyí wo Àkàrà-ògùn. Ó ti wọ igbó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti jẹ́ iṣẹ́ tí ọba rán an. Òun ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé sí i lára.

Ibi tó dùn mí jù nínú ìmúra náà ni ọ̀rọ̀ ìyàwó Kàkó. Obìnrin náà kò fẹ́ kí Kàkó lọ. Ó dì í mú, ó sì ń bẹ̀ ẹ́. Kàkó fi àdá pa á, ó sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó wọ igbó rárá, ẹ̀mí kan ti lọ, kì í sì í ṣe ẹ̀mí ọdẹ. Ní kíláàsì, a máa ń sáré kọjá ibẹ̀, tàbí kí a sọ pé ó fi hàn bí Kàkó ti fẹ́ràn iṣẹ́ ìlú tó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin yìí nìkan ni mo rí níbi ìmúra náà tó di ọkùnrin kan mú pé kó má lọ, Fágúnwà sì jẹ́ kí a rí ohun tí ó jẹ nídìí rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún Kàkó pé ẹni tí inú rẹ̀ gbóná tó báyìí kò yẹ kó bá wa lọ sí ibi eléwu. Àkàrà-ògùn, tó jẹ́ aṣáájú, mú un lọ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní ìtàn àròsọ ni, bí àwọn ọdẹ bá sì padà ní ẹnu ọ̀nà, ìwé kò ní í sí. Òótọ́ ni. Wọ́n á tún ní ọba ló rán wọn níṣẹ́, ta ni yóò kọ iṣẹ́ ọba? Òótọ́ ni èyí náà. Mo sì gbà pé Fágúnwà kò fi ojú kékeré wo ọgbọ́n: ó fi Ìmọ̀dòye sí àárín wọn, nígbà tí wọ́n sì dé Láńgbòdó, ilé Ìrágbèje olójúlé méje ni wọ́n ti gba ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ méje. Òǹkọ̀wé náà mọ̀ pé agbára nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n ibi tí àríwísí mi wà nìyí: ọgbọ́n tó yẹ kí wọ́n fi jáde nílé, ìparí ìrìn àjò ni wọ́n tó lọ gbà á. Àwa tí à ń ka ìwé náà ló yẹ kí a gbé e padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, ìsun omi Olúmirìn wà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìpele méje ló ní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ wò ó. Ìpele àkọ́kọ́ rọrùn, ṣùgbọ́n bí a ti ń gòkè ni òkúta ń yọ̀ sí i, pàápàá lásìkò òjò. Láàárín àwa ọ̀dọ́, ẹni tó dé òkè pátápátá là ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹni tó dúró ní ìpele kejì, ojo la ń pè é. A mọ ẹni tí yóò ya fọ́tò, a mọ ẹni tí yóò gbé oúnjẹ. Ta ni yóò sọ pé ó tó? Aago mélòó ni a ó padà? Bí ẹnì kan bá ní ẹ̀rù ń ba òun, ṣé a ó gbọ́ tirẹ̀ àbí a ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́?

Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ kí a tó bí Fágúnwà pàápàá: akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bógun lọ. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ẹ bá tún ń kọ́ wa ní ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí a máa dárúkọ àwọn akọni náà pẹ̀lú ẹ̀bùn wọn bí a ti ń ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wá pé ta ni ìkẹjọ tó yẹ kó bá wọn lọ, kí ni ìbá sì sọ fún wọn.