Orin Ni Adájọ́ Àkọ́kọ́: Àyẹ̀wò Ìdíje Eré Ẹ̀rọ Olórin

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ìdíje, kì í ṣe ìgbà tí adájọ́ bá la ẹnu ni ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a ti yan ohun tí a ó fi wọn àwọn olùdíje. Òtítọ́ yìí hàn gbangba nínú ìdíje eré ẹ̀rọ olórin. Níbẹ̀, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ó ń ka máàkì; kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, kò sì gba rìbá. Síbẹ̀ àwọn olùdíje a máa fi ibi ìdíje sílẹ̀ pẹ̀lú ìkùnsínú pé a rẹ́ wọn jẹ. Bí ẹ̀rọ kò bá ṣègbè, níbo ni ìrẹ́jẹ gbà wọlé?

Eré ẹ̀rọ olórin ni eré tí orin ń dún nínú rẹ̀, tí àmì sì ń kọjá lójú ẹ̀rọ, tí eléré yóò fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ dá àmì náà lóhùn ní àkókò tí ìlù bọ́ sí gan-an. Ilé-iṣẹ́ Konami ní ilẹ̀ Japan gbé beatmania jáde ní 1997, ó sì fi Dance Dance Revolution tẹ̀ lé e ní 1998. Nínú èyí èkejì, ọfà mẹ́rin ni ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ eléré: ti òsì, ti ọ̀tún, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ní 2005, Guitar Hero jáde ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú gìtá oníke tí ó ní bọ́tìnnì aláwọ̀ márùn-ún. Ní 2007, Dean Herbert, ọmọ ilẹ̀ Australia, gbé osu! jáde, èyí tí a ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, tí àwọn eléré fúnra wọn sì ń to àmì rẹ̀ mọ́ orin. Kò pẹ́ tí àwọn eré wọ̀nyí dé kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ lórí wọn, nítorí níbi tí a bá ti ń ka máàkì, a ó wá ẹni tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olùṣètò mọ̀ ni irú eré tí ó wà níwájú rẹ̀. Nínú ìjàkadì, ọwọ́ ẹnìkan ń kan ara ẹnìkejì. Nínú ayò, ọmọ tí ẹnìkan bá jẹ ti bọ́ mọ́ ẹnìkejì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú púpọ̀ nínú àwọn eré ẹ̀rọ olórin, kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń dá orin kan náà lóhùn, bí àwọn tí ń sáré ìje tí olúkúlùkù sì wà lójú ọ̀nà tirẹ̀. Eré ìje ni, bí ó tilẹ̀ wọ ẹ̀wù ìjàkadì.

Àwọn olùṣètò tí kò ronú kan èyí a máa ṣẹ́ gègé, wọn a so olùdíje pọ̀ ní méjì-méjì, ẹni tí ó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan yóò sì lọ ilé. Àbùkù ètò bẹ́ẹ̀ ni pé gègé lè so ẹni tí ó mọ eré jù pọ̀ mọ́ igbákejì rẹ̀ ní ìpele àkọ́kọ́. Igbákejì náà yóò lọ ilé kí oòrùn tó mú, ẹni tí kò tó o yóò sì gba ẹ̀bùn ipò kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ìwòsàn rẹ̀ kò le. Bí olùdíje bá jẹ́ 16, tí ẹ̀rọ sì jẹ́ ọ̀kan tí ó gba ènìyàn méjì lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo wọn kọ́kọ́ ṣe orin méjì kan náà. Ìgbà 16 ni orin yóò dún; bí a bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 3, ìṣẹ́jú 48 ti tó láti mọ ẹni àkọ́kọ́ títí dé ẹni ìkẹrìndínlógún. Lẹ́yìn èyí ni kí a wá tò wọ́n, kí àwọn alágbára méjì má bàá pàdé kí ó tó di ìparí.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé bí ìṣẹ́jú 48 bá ti fi ipò gbogbo wọn hàn, kí ni a tún ń so wọ́n pọ̀ sí? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé òǹwòran kì í wá wo ìwé máàkì. Ó fẹ́ rí ojú méjì tí ó kọ sí ara wọn. Ṣùgbọ́n kí olùṣètò ṣe ìṣirò àkókò rẹ̀ dáradára. Ìfigagbága 15 ni ènìyàn 16 yóò ṣe bí ìṣubú kan bá ń lé ènìyàn lọ. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú 10, wákàtí méjì àbọ̀ ni. Bí a bá fún olúkúlùkù láyè láti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ìfigagbága náà kò ní dín ní 30, wákàtí 5 sì ti lọ. Ìdíje tí ó tọ́ ṣùgbọ́n tí gbogbo òǹwòran ti sùn kí ó tó parí kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore.

Ṣùgbọ́n orin yíyàn ni ọkàn ọ̀rọ̀ yìí. Orin kan yára, ó ń fẹ́ ẹni tí èémí rẹ̀ gùn. Òmíràn rọra lọ, ṣùgbọ́n ó ń dúró lójijì ní agbedeméjì. Òmíràn sì ń fẹ́ ojú tí ó mú. Ẹni tí ó dára lórí ọ̀kan lè ṣe bí ọ̀gbẹ̀rì lórí èkejì. Nítorí náà, ẹni tí ó yan orin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan olúborí. Bí olùṣètò nìkan bá ń yàn, ìfura kì yóò tán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣẹ́ gègé rẹ̀, orí rere ti gba iṣẹ́ ọwọ́.

Ètò tí ó yẹ fún ìyìn jù nípa èyí ni ti osu! World Cup, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè ń bá ara wọn díje, tí ènìyàn 4 ń kọjú sí ènìyàn 4, tí a sì ń ro máàkì wọn pọ̀. A ti ń kéde àwọn orin fún wọn ṣáájú, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò sọ pé a bá òun lójijì. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni àwọn orin náà: àwọn kan wà bí a ti ṣe wọ́n, nínú àwọn kan, àmì ń parẹ́ kí ọwọ́ tó dé orí rẹ̀, nínú àwọn kan, àmì kéré sí i, nínú àwọn mìíràn, eré sísá orin di ìlọ́po kan àbọ̀. Ìhà kọ̀ọ̀kan yóò yọ orin tí kò fẹ́ kúrò, wọn yóò sì máa yan èyí tí wọ́n fẹ́ ní àyípo. Bí ó bá di ọ̀mì, orin ìkẹyìn kan wà tí a ti fi pamọ́ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín, òdodo àti adùn pàdé. Olùdíje kò lè sùn lórí ohun kan ṣoṣo tí ó mọ̀. Òǹwòran náà sì ń rí ọgbọ́n orí kí ó tó rí ọgbọ́n ọwọ́.

Lẹ́yìn orin, máàkì ni ó kàn. Nínú ìṣirò àtijọ́ ti osu!, bí àmì tí a mú ní ìtẹ̀léra bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ga sí i. Àṣìṣe kan ṣoṣo ní àárín orin lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́, nígbà tí irú àṣìṣe kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ kò pa ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀. Ìṣirò tí a ń pè ní ScoreV2, tí a mú wọ ìdíje náà, fi òpin sí 1,000,000. Kò mú ẹrù ìtẹ̀léra kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ìpéye ní ipò tirẹ̀. A kò lè sẹ́ pé ìtẹ̀léra gígùn dùn ún wò, tí gbogbo ilé ń di èémí mú. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá ti parí ní agbedeméjì orin, kí ni òǹwòran tún ń dúró dè?

Ẹ̀rọ tí kò ṣègbè pàápàá lè di adájọ́ burúkú bí a kò bá tò ó. Nínú Dance Dance Revolution, ìdáhùn tí ó péye jù kò gbọdọ̀ yẹ̀ ju nǹkan bí ìdá kan nínú 60 ti sẹ́kọ́ǹdù lọ. Tẹlifíṣọ̀n mìíràn sì wà tí ń fi àwòrán falẹ̀ ju èyí lọ. Ẹni tí ó bá fi irú rẹ̀ ṣe ìdíje Guitar Hero láìkọ́kọ́ mú àwòrán àti ohùn bá ara wọn mu ti fi òṣùwọ̀n èké wọn ọjà. Bákan náà, ọfà tí ó ti gbó ní ìhà kan ẹ̀rọ ijó kò yẹ kí ó jẹ́ ìpín ẹnìkan títí ìdíje yóò fi parí. Kí àwọn méjèèjì máa pààrọ̀ ìhà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹwà. Ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, àwọn oníjó kan ń kọ ẹ̀yìn sí ojú ẹ̀rọ, wọ́n ń yí po, wọ́n ń fi ọwọ́ àti orúnkún tẹ ọfà, ariwo ìyìn sì ń sọ. Ẹ̀rọ kò mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ohun tí ó mọ̀ ni pé a tẹ ọfà. Nítorí náà ni àwọn olùṣètò kan ṣe pín ìdíje sí méjì: ti ìpéye, tí ẹ̀rọ ń dájọ́ rẹ̀, àti ti ijó, tí ènìyàn ń dájọ́ rẹ̀. Ìpín yìí bọ́gbọ́n mu. Àwọn tí wọ́n ro máàkì méjèèjì pọ̀ láti wá olúborí kan ni wọ́n ṣìnà, nítorí ìgbọ̀nwọ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n epo. Kí ẹ̀bùn jẹ́ méjì. Kí adájọ́ ijó ju ẹnìkan lọ, kí a sì ti kéde ohun tí wọn yóò wò kí ìlù tó dún.

Àwọn ọ̀gbẹ̀rì náà kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ẹni tí ó san owó, tí ó rin ọ̀nà jíjìn, tí ọ̀gá sì lé jáde lẹ́yìn orin kan, kò ní padà wá. Bí a bá ya ìpele tiwọn sọ́tọ̀, orin wọn yóò bá agbára wọn mu, ìdíje wọn yóò sì gbóná bíi ti àwọn ọ̀gá, nítorí ibi tí agbára bá ti dọ́gba ni ìjà ti ń dùn.

Àṣìṣe àwọn tí ń sọ pé òdodo ń pa adùn, tàbí pé adùn ń ba òdodo jẹ́, wá hàn. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Ohun tí ó ń mú kí ọkàn òǹwòran máa mì títí dé ìlù ìkẹyìn ni ìdánilójú pé ẹni méjèèjì lè borí. Ìdánilójú yẹn gan-an ni òdodo. Ìdíje tí ó bá fún olùṣubú ní ìdí láti gbà pé orin náà bá òun dọ́gba ni yóò tún rí i lọ́dún tí ń bọ̀.