Òṣùwọ̀n Iṣẹ́ Ìjọba: Àyẹ̀wò Ìròyìn Udoji (1974)

Àwọn Yorùbá a máa wí pé a kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba láàágùn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lásán. Ó fi hàn pé lójú ará ìlú, iṣẹ́ tí kò ní olúwa ni iṣẹ́ ìjọba, kò sì sí ẹni tí ó ń wọ̀n ọ́n. Àbùkù yìí ni Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀, tí ìjọba Ọ̀gágun Gowon gbé kalẹ̀ ní 1972, gbìyànjú láti mú kúrò.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta nínú Ìròyìn náà ni ó ṣe kókó. Èkíní, kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe, kí a sì fi ohun tí ó ṣe wé e. Èkejì, kí a so owó tí a ná mọ́ iṣẹ́ tí a rí. Ẹ̀kẹta, kí ìròyìn ìkọ̀kọ̀ tí ọ̀gá ń kọ nípa ọmọ-abẹ́ rẹ̀ di èyí tí òṣìṣẹ́ náà lè fojú rí. Ṣùgbọ́n Ìròyìn kan náà ni ó dámọ̀ràn àfikún owó oṣù. Owó ni ìjọba tètè san, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975. Ọjà gbówó lórí, “Udoji” sì di orúkọ owó lẹ́nu ará ìlú, kò di orúkọ òṣùwọ̀n.

Oró àìwọn iṣẹ́ hàn kí ọdún náà tó parí. Nígbà tí ìjọba Murtala Muhammed yọ òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 10,000 níṣẹ́, àìlèṣiṣẹ́ wà lára ẹ̀sùn tí a kà sí wọn lọ́rùn. Níbi tí kò sí àkọsílẹ̀ tí òṣìṣẹ́ lè tọ́ka sí, kí ni ó ya ọ̀lẹ sọ́tọ̀ lára ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́?

Síbẹ̀, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ìjọba nìkan. Nínú ìmọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ ọ̀gá ni òṣùwọ̀n ṣì wà. Ẹni tí ó tò síwájú kántà láti òwúrọ̀ kò ní ohùn níbẹ̀. A kì í sì í fá orí lẹ́yìn olórí. SERVICOM, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2004, ní kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìlérí rẹ̀ fún ará ìlú sílẹ̀. Èyí sàn ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìlérí tí a lẹ̀ mọ́ ògiri kò tíì di òṣùwọ̀n, àfi bí ẹni tí a ṣe é fún bá lè sọ pé kò kún, kí a sì tìtorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún un wọ̀n.