Afala Nínú Àkọsílẹ̀ Ọmọ Rẹ̀

Ní agboolé Yorùbá, obìnrin tí ó bá ti bímọ ti di ‘Ìyá Lágbájá’. Orúkọ ọmọ a sì bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìṣòro yìí ni ẹni tí ó bá ń wá ìtàn ìyá ńlá rẹ̀ ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun tàbí Ìlobùú yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Oríkì orílẹ̀ lè tọ́ka sí ilé tí obìnrin náà ti wá, ṣùgbọ́n kò sọ ọdún tí ó dé. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe gbà pé bí ìwé bá ti wà, ìṣòro tán. Ẹ jẹ́ kí a fi àkọsílẹ̀ nípa Afala, ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, yẹ èrò yìí wò.

Ní 1821 ni ogun kó Òṣoògùn, tí a sì mú Afala àti àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́rú. Nínú lẹ́tà tí Crowther kọ ní Sàró ní 1837, ó ròyìn ogun náà àti bí a ṣe fi òun pààrọ̀ ẹṣin. Ìyá wà nínú ìròyìn yìí níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà rẹ̀ àti ti ọmọ bá pàdé. Gbàrà tí a ta ọmọ lọ sí ọ̀nà jíjìn, ìyá wọ òkùnkùn. Ìtàn ọmọ ni à ń kà. Ìyá kàn gba inú rẹ̀ kọjá ni.

Àkọsílẹ̀ Crowther ti 21 Oṣù Kẹjọ 1846 ni ó tún gbé e jáde. Ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, ìyá wá ọmọ rẹ̀ rí. Crowther sọ pé ara rẹ̀ gbọ̀n, pé àwọn méjèèjì kò lè fọhùn, pé omijé ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí ó ti rù. Agbára ìwé nìyí: ó fún wa ní ọjọ́, ibi àti ìrísí. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ìyá fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà máa ń fi pe òun nígbà èwe pe òun. Ìyá àgbà náà ti kú sí oko ẹrú. Àwọn orúkọ wọ̀nyí ni Afala gbé la oko ẹrú já, Crowther kò sì kọ ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn òyìnbó C.M.S. ni ó ń kọ̀wé sí; kí ni wọn yóò fi orúkọ ìkẹ́ ṣe?

Ní 5 Oṣù Kejì 1848, Afala ṣe ìrìbọmi, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Nínú Bíbélì, Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì. ‘Ìyá Lágbájá’ náà ni, aṣọ mìíràn ni ó gbé wọ̀. Ìwé ṣe ohun tí agboolé ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń yẹ irú àkọsílẹ̀ báyìí wò béèrè pé: ta ni ó kọ ọ́? Ta ni ó kọ ọ́ sí? Ibo ni obìnrin náà ti wọlé, ibo ni ó sì ti jáde? Lẹ́yìn náà, kí ó tọ àwọn ìyàwó ilé àti ọmọbìnrin ilé lọ, ní Ìfọ́n, ní Ìlobùú àti níbi gbogbo, kí ó gba oríkì tí ìwé fò dá lẹ́nu wọn. Ohun tí ìwé mọ̀ ni ọjọ́. Ohùn wà lẹ́nu àwọn obìnrin.